Lu Bàsíà Lẹ́ẹ̀mẹta

                                        Ilé Bàbá Sàlàkọ́,
                                        Lẹ́bàá Ọjà Odawna,
                                        Accra.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, 1969.

Ìdíátù, ọmọ ìyá mi àtàtà,

O kú àárò wa o. Ṣé ara le? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi wọ́n sílẹ̀? Bàdírù ọkọ rẹ tó ti ṣáájú lọ sílé, ṣé o ti gbúròó rẹ̀? Àwa náà ń bẹ láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́ láti dá kó àwọn ọmọ kúrò ní Kumasi, pé títí ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjọba fún àwa àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú yóò fi pé, ńṣe lo máa ti ara rẹ mọ́ yàrá. Ìdíátù! Ṣé ilẹ̀kùn ni yóò gbé ọ délé? Dìde o jàre.

Bí èmi ṣe ń ṣe nìyí. Mi ò wọ sálúbàtà jáde mọ́, bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ni mò ń wọ̀, kí n lè rí eré sá. Ìwé ìrìnnà mi wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ìró, ọ̀já ni mo fi gbà á mọ́ra. Bí mo bá jókòó, ogiri ni mò ń kẹ́yìn sí, torí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Okùn ẹrù mi, ẹsẹ̀ tábìlì ni mo máa ń so ó mọ́. Èmi, Àrínọlá àti Àmúdà, àwa ọlọ́ṣẹ mẹ́ta, tún ṣàdéhùn pé ẹni tí wọ́n bá yọ lẹ́nu kó lu bàsíà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí àwọn yòókù gbè é. Àràárọ̀ la ń dán an wò. Abena, ọmọ ilẹ̀ ibí tó ń ta tòmátò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a máa fi wá rẹ́rìn-ín pé orí àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago ti yí.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin fírigbọ̀n kan dé, ó ní àwa Alata láti Nàìjíríà kò lẹ́rù ní Ghana mọ́, ló bá fa àpò aṣọ òfì ìyá wa yọ lábẹ́ tábìlì. Aṣọ tí èmi àtìwọ ò tíì pín! Okùn dá a dúró. Mo fi èèkù ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ọṣẹ lu bàsíà: gbàn! gbàn! gbàn! Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé Àrínọlá àti Àmúdà ti wọkọ̀ lọ sílé láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo tún lù ú.

Gbàn! gbàn! gbàn! Wọ́n dáhùn. Abena mà ni! Ó ti da tòmátò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń lu bàsíà bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Àwọn ẹlẹ́ja gbà á, àwọn oníyọ̀ gbà á, gbogbo ìlà wa ń ho. Ọ̀gbẹ́ni fi àpò sílẹ̀, ó fi sálúbàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣé o rí ohun tí mo wí nípa sálúbàtà? Mo dì mọ́ Abena, mo sunkún bí ọmọdé. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní ṣé mo rò pé etí òun di ni.

Nítorí náà, bá Àjàlá, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, padà sí Accra níbí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èèyàn dáadáa ni. Pọn ọmọ kan, di èkejì lọ́wọ́ mú, bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kàn ọ́, figbe ta. Bá mi kí Màmá Ràbíátù, onílé rẹ. Abena náà ní kí n kí ọ, ó ń bèèrè èwo nínú Táyé àti Kẹ́hìndé ni òun máa bá ọ pọ̀n.

Ibùdókọ̀ kún bámúbámú báyìí, a ò ní tètè rí ara wa. Má ṣe wá mi kiri. Dúró ti ọkọ̀, kó o tẹ́tí. Bó o bá gbọ́ bàsíà lẹ́ẹ̀mẹta, èmi nìyẹn. Bó o bá gbọ́ ìdáhùn, Abena ni. Máa tọ ìró náà bọ̀, ká jọ relé.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń retí rẹ,
                                        Wòsílátù.