Wọ́n Sọ̀rọ̀ Bàbá Toyibat Nínú Ọkọ̀

Màámi,

Ẹ kú àárò wa. Ago Alaye tí a sá wá yìí tù wá lára. Oko kókó olóko ni mò ń bá wọn ro, orúkọ bàbá mi ni wọ́n sì fi mọ̀ mí.

Lánàá, èmi àti Toyibat wọkọ̀ ní Ore. Ọkùnrin kan níwájú wa dédé ní, "Ẹ rántí Sùbérù oníkokéènì tí wọ́n yìnbọn pa? Ìyàwó ẹ̀ ti ń jayé lókè òkun báyìí o!"

Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Toyibat lanu, mo yára fi búrẹ́dì sí i lẹ́nu.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé bàbá mi ni wọ́n ń bú?"

Mo ní, "Rárá o, Sùbérù mìíràn ni."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí Ọlọ́run mú ìyàwó onítọ̀hún. Mo ṣe àmín.

Ara wa le, à ń jẹun dáadáa. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Fàwáz. Ẹ ní kó má tíì wá wò wá.

Ọmọ yín,
Àsíátù