Ògiri Pálọ̀ Tí A Fi Ọ̀dà Bò

Màmá mi, ẹni tí mo ṣì ń pè kí n tó rántí,

Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ ní Òmù-Àrán. Òrùlé kò tíì jò. Mo ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń sá fún láti ìgbà ìsìnkú yín. Àwòrán tí ẹ yà sára ògiri pálọ̀, èyí tí ẹ ṣe kẹ́yìn, wọ́n ti fi ọ̀dà bò ó.

Ẹ mọ̀ pé a kì í gba àlejò òkú àgbà sínú ilé tí ògiri rẹ̀ dọ̀tí. Àbúrò yín ọkùnrin gbé ọ̀dà aláwọ̀ mílíìkì wá láti Èkó. Ó wo iṣẹ́ tí ẹ fi oṣù mẹ́jọ ṣe, ó mi orí: "Òjò ti ba ògiri yìí jẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi ń jìyà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo wà níbẹ̀, mo ń to àga. Èmi ni mo tún bá àwọn tó ń kùn ún di àkàbà mú.

Kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀? Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á bi mí pé àwòrán kí ni, nígbà tí kò ní ojú, tí kò ní ẹsẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ èsì irú ìbéèrè yẹn. Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ ní kí ẹ kúkú máa ya èèyàn, ẹ ní èèyàn tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ti pọ̀ tó ní Èsìẹ́, àwọn yẹn kì í sì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ẹ ó fà sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ yín, títí ẹ̀yìn yín á fi kan fìríìjì. Kí lẹ máa ń wò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, mo mú ọ̀bẹ àti omi gbígbóná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà náà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní poli. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń rẹ́ ògiri, wọn kò kọ́ mi bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́ kó dá àwòrán padà. Lọ́jọ́ kẹta, pupa kan yọ, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo kígbe bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún.

Ìgbà náà ni mo rántí pé amọ̀ ẹ̀yìnkùlé lẹ fi ya àwòrán náà, amọ̀ kan náà tí bàbá àgbà fi mọ ilé yìí. N kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín ni mo rí, tàbí ògiri lásán. Bí mo bá tún ha, mo lè ha yín dànù. Bí n kò bá ha, ẹ ó wà lábẹ́ ọ̀dà.

Mo ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi lé ojú pupa náà. Ó tutù. Màmá, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?

Ọmọ yín tí kò sọ̀rọ̀ lásìkò, tí àárò yín kò jẹ́ kó gbádùn.