Òróró Kì í Ṣe Oògùn: Ẹ Bá Wa Tẹ Ìwé Mìíràn

Ojúlé Kẹrìnlá,
Agbo-ilé Ṣéhù,
Ìtòkú,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2026.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Àgbà Ìmọ̀-Kò-Pẹ́-Jù,
Ṣàpọ́n,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TẸ ÀTÚNṢE SÍ ÌWÉ PÉLÉBÉ YÍN LÓRÍ ÒRÓRÓ, KÍ ẸNI TÓ GBÀ Á GBỌ́ MÁ BAÀ KÚ

1. Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń kọ̀wé: láàárín ọdún kan sí àkókò yìí, Haleemah, ọmọ ọmọ mi, bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Màríámù àbúrò rẹ̀ bí ọmọbìnrin. Mùs'áb, ọmọ ọmọ mi mìíràn, gbé ìyàwó láti Ìjẹmọ̀, a sì so yìgì Yasir àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá. Nínú gbogbo ìnáwó wọ̀nyí, àgbàlá wa ni a ti dín ẹran àti ẹja, èmi ni mo sì dúró ti agbada. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì sí òróró ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

2. Orúkọ mi ni Àlímátù Àrìnpé Ṣéhù. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ yín ló kọ́ mi ní a, b, d. Ẹ ṣe ohun tí àwọn òbí mi kò rí ṣe fún mi, n kò sì ní gbàgbé. Lẹ́tà yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ yín, nítorí èmi ni mo kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò bá mi mú gègé. Bí mo bá wá ń rojọ́ yín fún yín, kì í ṣe ti àìmoore.

3. Ẹjọ́ mi nìyí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, oníṣòwò òróró kan wá sí kíláàsì wa ní Ìtòkú pẹ̀lú ìyọ̀ǹda yín. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó bá wa sọ̀rọ̀ ìlera, ó sì sanwó ìwé pélébé kan tí ẹ tẹ̀ fún wa, tí òǹtẹ̀ yín wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ bó ṣe wà: "Òróró yìí kò ní kọlẹ́síterọ́ọ̀lù. Kì í ba ọkàn jẹ́. Ó ń ṣọ́ ọkàn, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Lò ó lójoojúmọ́." Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aláṣọ àlà kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo. Ilé-ẹ̀kọ́ ni aláṣọ àlà. Ó jókòó síbẹ̀, ó sì ta sí i láṣọ.

4. Nígbà tí a ṣe ìdánwò ní oṣù Kọkànlá, ẹ bi wá pé epo wo ni kì í ba ọkàn jẹ́. Àwọn tó kọ òróró gba máàkì. Èmi kọ ọ́ pé: "Kò sí. Ìwọ̀n ni." Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì, olùkọ́ wa, fi yíǹkì pupa fagi lé e. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé ìdáhùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí òun ni òun fi ń máàkì. N kò bá a jà. Kì í ṣe máàkì yẹn ni mo ń béèrè. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

5. Orogún mi, Kùdírátù, kọ òróró. Máàkì kan ṣoṣo yẹn ló fi ṣíwájú mi. Ó ṣe ipò kìíní, mo ṣe ipò kejì, ẹ sì fi kẹ́ẹ̀gì òróró kan ta á lọ́rẹ níwájú gbogbo èèyàn. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé owú ló ń kọ lẹ́tà yìí. Ó lé ní ogójì ọdún tí a ti jọ wà nílé ọkọ. Ọkọ wa ti lọ bá Ọlọ́run rẹ̀, àwa méjèèjì ló ṣẹ́kù, orogún ti di ọmọ ìyá. Òun ló ń fi ìko so àdìrẹ, èmi ni mo ń rẹ ẹ́ sínú aró. Kò sí aṣọ tó jáde nílé wa tí ọwọ́ àwa méjèèjì kò kàn.

6. Ó tó ọdún mẹ́fà tí dókítà ti ní kí Kùdírátù máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń lò ó déédéé. Láti ọjọ́ tí kẹ́ẹ̀gì yẹn ti wọlé, ó pa oògùn tì. Bí ó bá ti kírun àárọ̀ tán, á bu òróró ṣíbí méjì, á gbé e mì. Ọbẹ̀ rẹ̀ náà yí padà. A kì í rí ata mọ́ lábẹ́ òróró. Ó ní ohun tó ń ṣọ́ ọkàn kì í pọ̀ jù. Àṣejù sì rèé, baba àṣetẹ́ ni. Síkírù ọmọ rẹ̀, tó ń ti ibí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́, fẹ́ da òróró náà nù. Kùdírátù gbé e sínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì tì í pa, ó ní ẹ̀bùn òun ni.

7. Ní oṣù tó kọjá, ó ń so aṣọ lọ́wọ́, ìko bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun mú un. Mo mú un fún un, ó tún bọ́. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà, ó sì ti kan ọpọlọ. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ó lè má dìde mọ́. Ọlọ́run dá a sí. Ẹnu rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè di ìko mú.

8. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Èmi náà wẹ̀yìn, mo mú ìwé pélébé yín, mo gbé e lọ bá Nọ́ọ̀sì Christianah tó ń tọ́jú wa ní Ìjẹmọ̀. Ó kà á, ó ní kì í ṣe irọ́ pátá, ohun tó sì jẹ́ kó léwu nìyẹn. Kò sí epo tó ti ara igi tàbí èso wá tí kọlẹ́síterọ́ọ̀lù inú rẹ̀ tó nǹkan, epo pupa pàápàá. Kì í ṣe òróró yẹn nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé òróró bíi ti sóyà sàn fún ọkàn ju ọ̀rá ẹran, bọ́tà àti epo tó máa ń dì lọ, ṣùgbọ́n bí a bá fi rọ́pò wọn níwọ̀nba ni, kì í ṣe kí a dà á lé wọn lórí. Epo pupa ní ohun tó ń ran ojú lọ́wọ́, àmọ́ bí a bá sun ún lórí iná títí pupa rẹ̀ fi lọ, ohun náà bá èéfín lọ nìyẹn. Òróró tí a fi dín nǹkan léraléra títí tó fi dúdú kò yẹ fún ẹnu mọ́. Láti ọjọ́ náà, òróró tó bá ṣẹ́kù sínú agbada lẹ́yìn ìnáwó, tí àwa ìyàwó ilé máa ń pín, a kì í pín in mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nọ́ọ̀sì wá ní, ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí n mọ ọ̀kan: kò sí epo kankan láyé tó lè gba ipò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

9. Ẹ lè bi mí pé, ṣé nọ́ọ̀sì kò lè sọ èyí fún Kùdírátù ni? Ó sọ ọ́. Dókítà sọ ọ́. Lémọ́ọ̀mù mọ́sálásí wa sọ ọ́. Èmi sọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Èsì tó fún mi nìyí: "Ìyáálé, ìwé ló sọ ọ́, ojú mi ni mo sì fi kà á. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ṣe ipò kejì lẹ fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí mo fi ṣe ipò kìíní?" Mo rẹ́rìn-ín kí n tó sunkún. Mo wá jókòó, mo fi ọwọ́ ara mi kọ òtítọ́ náà sórí bébà, mo gbé e fún un. Ó kà á tán láìkọsẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní kò ní òǹtẹ̀. Ó sì gbé ṣíbí rẹ̀.

10. N kò dá a lẹ́bi. Ọdún márùndínláàádọ́rin ló fi ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn bá kà fún un, ìbáà ṣe òótọ́, ìbáà ṣe irọ́. Ìwé yín ni ìwé àkọ́kọ́ tó dá kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ta ló fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Ọwọ́ tó bá na ọmọ ló yẹ kó fà á mọ́ra. Ìwé ló dá a dúbúlẹ̀, ìwé ni yóò gbé e dìde, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín.

11. Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí:

(a) Ẹ tẹ ìwé pélébé mìíràn. Kí ó tóbi tó ti àkọ́kọ́, kí lẹ́tà rẹ̀ hàn gbàǹgbà bíi tirẹ̀, kí òǹtẹ̀ yín sì wà ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ ṣì í kọ. Pé òróró kì í ṣe oògùn. Pé ẹni tí dókítà fún ní oògùn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Christianah ti ṣèlérí pé òun yóò bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé ilé ìtẹ̀wé, òun kò sì ní gba kọ́bọ̀.

(b) Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ pín ti àkọ́kọ́ fún àwọn kíláàsì tuntun ní Ìjẹmọ̀ àti Ṣàpọ́n lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ dá a dúró. Irú Kùdírátù ló kún ibẹ̀.

(d) Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ọjà máa kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìlera lórí ọjà tó ń tà.

12. Mo mọ̀ pé ẹ ó ṣe é. Ẹni tó ní sùúrù láti kọ́ arúgbó níwèé kò ní ṣàìní sùúrù láti tún ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ yára, nítorí oògùn ṣì wà nínú páálí, ṣíbí ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì. Bí ìwé náà bá jáde, ẹ má fi rán mi. Ẹ kọ orúkọ Kùdírátù sí i, kí ẹ fi lé òun gan-an lọ́wọ́, kí ó dá a kà. Kí ó má baà sì di pé ẹ tún ń wá oníṣòwò tí yóò san owó bébà àti yíǹkì, mo ti fi owó aṣọ tí Kùdírátù so kẹ́yìn, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kọ̀, sínú lẹ́tà yìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á délẹ̀. Mo ń retí iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Èmi ni tiyín, akẹ́kọ̀ọ́ yín tí ẹ kọ́ láti béèrè,

Àlímátù Àrìnpé Ṣéhù,
Ìyáálé Agbo-ilé Ṣéhù,
Akẹ́kọ̀ọ́ Kíláàsì Kejì, Ìtòkú.

Ohun tó wà nínú àpòòwé pẹ̀lú lẹ́tà yìí: ọ̀kẹ́ kan náírà (₦20,000).