Ewé Ìwádìí Mi Di Àgbo

Ìnísà, Sátidé, oṣù Kẹta 1992

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni mo gbọ́dọ̀ kó ewé méjìlá tí mo tẹ̀ sáàárín ìwé ìròyìn lọ fún ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ ìwádìí mi wò ní yunifásítì. Ìyá Àgbà ti fi wọ́n se àgbo.

Ibà tó ń ṣe mí láti ìjẹta ló fà á. Wọ́n rí ìdì ewé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n dà á síkòkò, wọ́n bu kọ́ọ̀bù kan fún mi. Mo ti mu ún tán kí n tó bèèrè ewé tó jẹ́.

"Ṣebí ewé lo ń kọ́ níwèé? Mo rò pé o kó wọn wá fún mi ni."

Odindi oṣù kan ni mo fi wá wọn kiri, láti Òkukù dé Igbayè, nínú oòrùn! Mo fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi etí aṣọ wọn nu òógùn lójú mi.

Ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì l'Ékòó náà ṣì ń dùn mí. Lánàá tí wọ́n wá kí wa ni wọ́n bi mí nípa ẹ̀kọ́ ewéko tí mò ń kọ́ pé, "Bọ́tánì? Kí ni wọ́n ń fi ṣe?" Mo ní mo lè ṣe tíṣà, tàbí kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí irúgbìn n'Íbàdàn.

Ibà ti lọ báyìí. Ewé kan ṣoṣo ló kù. Ìyá Àgbà ní àwọn kì í se ewé táwọn ò mọ̀, ni wọ́n fi yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ orúkọ Látìn rẹ̀ fún wọn tìyanga-tìyanga.

Wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ó dáa. Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

Mi ò mọ̀.