Ìkòkò Ńlá Tó Bọ́ Sọ́wọ́ Màmá Fẹ́kọ́mi

Abúlé Arárọ̀mí,
Lẹ́bàá Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Adébùnmí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọkọ rẹ Báyọ̀dé, mo kí Tolúwalọpẹ́ àti àbúrò rẹ̀, mo kí onílé yín náà, àti ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì yín ní Ẹgbẹ́dá, ẹni tó máa ń pè mí ní Màmá Èkìtì nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín. Ṣé ara gbogbo yín le? Ṣé iná ti ń wá déédéé? Ọlọ́run tó ń mú yín jáde, tó ń mú yín wọlé láàárín èrò tó pọ̀ tó yẹn, kò ní gbàgbé ojú ọ̀nà ilé yín láéláé. Àwa náà wà dáadáa. Orúnkún bàbá rẹ ti dẹ̀ díẹ̀, àgbàdo ti ń yọ irùngbọ̀n, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú, èyí tó kù ń jẹ aṣọ tí a bá sá.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè, tí o ní, Màmá, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́, tí fóònù wá dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé e. Mo di fóònù yẹn mú létí títí, mo ń ṣe hẹ́lóò, hẹ́lóò. Bàbá rẹ ló sọ fún mi pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bébà, nítorí inú ìwé kò sí ẹni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, wàá kà á dé ìsàlẹ̀ ṣá. Simeon tó máa ń fi ọkọ̀ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Ìyànà Ìpájà ni yóò mú un wá fún ọ.

Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín lẹ́yìn Àjíǹde, mo fi ojú ara mi rí pátì tí o fi ń ta ìkòkò nínú pálọ̀. Àwọn obìnrin dé, o fún wọn ní ṣinṣín àti sóbò, o bi wọ́n ní ìbéèrè, ẹni tó bá gbà á gba ṣíbí, ẹni tó bá mú ọ̀rẹ́ wá gba táwẹ́ẹ̀lì, ẹni tó rajà jù gbé odidi kúlà lọ sílé, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Mo rò pé orí rẹ ti ń dàrú. Ta ló ń tajà tó tún ń fi ẹrù tọrẹ? Mo yọ́ wọ inú yàrá, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà fún ọ. O rẹ́rìn-ín nígbà tí o bá mi níbẹ̀, o ní ẹ̀bùn yẹn ló ń mú kí wọ́n wá, pé bí wọ́n bá wá, wọ́n á rà. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà níbẹ̀ tó wé gèlè àwọ̀ ewé, kò gba nǹkan kan, ó di ṣinṣín rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ, kò sí ẹni tó bi í pé kí lorúkọ rẹ. Mi ò sọ ọ́ fún ọ nígbà yẹn.

Lẹ́yìn tí mo padà sílé lo pè mí pé pátì kò fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ní Ẹgbẹ́dá, pé gbogbo obìnrin àdúgbò ti ra tiwọn, pé bí ìkòkò tí o tà kò bá pé iye tí ilé iṣẹ́ tó ń fún ọ ní ìkòkò tà fẹ́ kí oṣù tó parí, wọ́n máa gba ipò aṣáájú àwọn òǹtajà lọ́wọ́ rẹ fún ẹlòmíràn. Mo ní kí o kó ìkòkò wá sí abúlé, èmi ìyá rẹ á ṣe pátì. O wá fi fọ́tò ìkòkò ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù mi, o ní gifáwéè ni, pé ẹ̀bùn wà níbẹ̀, o ní kí n ṣéè é fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ mi, mo ṣéè é. Mo gbé fóònù yẹn láti ilé dé ilé, mo ń fi fọ́tò han olúkúlùkù, mo dé ọ̀dọ̀ ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí fóònù tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn tó kù, ẹnu ni mo fi ṣàlàyé ìkòkò náà fún. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi pé ìka ni wọ́n fi ń ṣéè nǹkan, pé èèyàn lè jókòó sílé ṣe é. Ìwọ náà kò sì là á yé mi.

Fọ́ọ̀mù ló wá tẹ̀ lé e, èyí tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè mọ irú ìkòkò tó yẹ wá. Lẹ́yìn ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá ni mo kà á fún àwọn obìnrin, tí a sì ń kọ ọ́. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ṣé igi ni ẹ fi ń dáná ni àbí gáàsì. Ó wá bèèrè pé ènìyàn mélòó ló wà nínú ilé yín. Mo kọ mẹ́sàn-án. Èmi, bàbá rẹ, ìwọ, ọkọ rẹ, àwọn ọmọ rẹ méjèèjì, Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn. Màmá Fẹ́kọ́mi bi mí bóyá kí òun ka Fẹ́kọ́mi mọ́ ọn. O mọ̀ ọ́n, opó tó ń fọ aṣọ pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì wà l'Ékòó. Mo ní ṣé kì í ṣe ọmọ yín ni? Ó kọ mẹ́fà: òun, Fẹ́kọ́mi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ìyáàfin Ọdẹ́tọ́lá, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kọ mọ́kànlá, ó sì kọ ọ́ rekete. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wa. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá bi wá, ohun tí a máa sọ náà nìyẹn.

Simeon já ìkòkò sílẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Haà! Bùnmí, a lè wẹ ọmọ nínú èyí tó kéré jù níbẹ̀. Mo rò pé bí ti Èkó ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tó di Sátidé, obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá. Pálọ̀ kò gbà wá, a kó àga síta. Mo fún wọn ní ẹ̀pà àti gúgúrú. Mo kéde pé ẹni tó bá mú ọ̀rẹ́ wá máa gba ṣíbí, gbogbo wọn ní àwọn mú ara àwọn wá, mo pín in fún gbogbo wọn, bí ṣíbí ṣe tán nìyẹn. Wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n kàn án kókó, wọ́n yẹ ìdí rẹ̀ wò, wọ́n gbé e padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyáàfin Ọdẹ́tọ́lá nìkan ló rajà, ó ra kúlà méjì. O sì ti sọ fún mi pé ẹni tó bá rajà jù ni kí n fún ní ìkòkò tó tóbi jù, èyí tó ní ìdérí gíláàsì. Mo wò ó pé ẹni tó ti ní kúlà méjì ni kí n tún gbé ìkòkò lé lọ́wọ́, kí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó kù máa wò ó? Mo ya bébà, mo kọ orúkọ gbogbo wọn, mo dà á sínú fìlà bàbá rẹ, mo ní kí ó dijú kí ó fa ọ̀kan. Ó fà á, ó ka Màmá Fẹ́kọ́mi.

Obìnrin yìí kò dìde. Ó ní bóyá ẹlòmíràn ni. A ní ta tún ni Màmá Fẹ́kọ́mi ní abúlé yìí? Nígbà tó wá síwájú, ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ ọ́ sí mi létí pé láti ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbé ọwọ́ lé òun lórí, kò tíì sí ẹni tó pe orúkọ òun láàárín èrò fún ohun rere. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ibẹ̀ ni Ìyáàfin Ọdẹ́tọ́lá ti dìde, tó ní, Màmá Bùnmí, èmi ra kúlà méjì, ẹ fún mi ní ṣíbí, ẹni tí kò ra nǹkan kan ń gbé ìkòkò lọ, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó nìyẹn? Ó gbé kúlà rẹ̀, ó lọ, àwọn tó kù sì tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan. O ti sọ bí o ṣe fẹ́ kí n ṣe é, mi ò ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo jẹ̀bi rẹ níbẹ̀ yẹn, má bínú. Ṣùgbọ́n o kò dúró gbọ́ ìyókù, ìyókù kò sì tíì ṣẹlẹ̀ nígbà tí o pè.

Àárọ̀ Ajé, mo ń gbálẹ̀, Màmá Fẹ́kọ́mi dé pẹ̀lú ìkòkò lórí. Ó ní òun dá a padà. Mo ní ṣé nítorí ọ̀rọ̀ Ìyáàfin ni? Ó ní rárá. Ó ní òun fi se ìrẹsì lálẹ́ Àìkú, ife kan, nígbà tí òun ṣí i, ìrẹsì náà ń wo òun láti ìsàlẹ̀ bíi nǹkan tó já sí kànga. Ó ní òun dé e padà, òun kò lè jẹ ẹ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn wa, ó wá sọ fún mi pé kí Léńtì tó bẹ̀rẹ̀ ni Fẹ́kọ́mi ti pe òun gbẹ̀yìn. Fẹ́kọ́mi ní iṣẹ́ òun ní Ìgàndó ti parí, pé bí nǹkan bá ti dára òun á pè. Láti ìgbà náà, bí ìyá rẹ̀ bá pe nọ́ńbà yẹn, obìnrin inú fóònù ló ń dá a lóhùn. Mo ní kí ó bẹ obìnrin náà kí ó bá a jíṣẹ́, ó ní òun ti bẹ̀ ẹ́, kì í gbọ́. Mo jókòó tì í, Bùnmí. Èmi tí mo kọ mẹ́sàn-án, ẹni méjì ni mò ń se oúnjẹ fún, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè jẹ ata.

Ibi tí a jókòó sí nìyẹn tí Ìyáàfin Ọdẹ́tọ́lá fi wọlé. Mo ní ìjà ti dé. Kúlà kan ló gbé wá, ó ní kí n bá òun gbà á padà, kò sí ohun tí òun fẹ́ kó sínú méjì. Ó bèèrè ohun tí ìkòkò ń wá lórí àtẹ̀gùn, Màmá Fẹ́kọ́mi sì tún un sọ. Ìyáàfin kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó ní gbogbo wa la gba òdo nínú fọ́ọ̀mù yẹn, pé àwọn tó ń jẹun nínú ilé ni wọ́n bèèrè, àwọn tí a bí la kọ. Ó ní, Màmá Fẹ́kọ́mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ ní Sátidé, ìkòkò yín ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, tí òun àti Màmá Fẹ́kọ́mi jọ ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń bèèrè pé, lálẹ́ òní yìí, ẹni mélòó ni yóò jẹun nínú ìkòkò yín? Ẹnì kan. Ẹnì kan. Ẹni méjì. Ẹnì kan. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, obìnrin mẹ́rìnlá ti kọ orúkọ pé ìkòkò kékeré ni àwọn fẹ́, èyí olọ́wọ́ kan tí o fi hàn mí ní Ẹgbẹ́dá, tí o ní kò tà, tí o ní ti àwọn àpọ́n ni. Wọ́n máa sanwó. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹ̀bùn, èmi ni mo ní bóyá ṣíbí á wà. Lálẹ́ ọjọ́ náà Màmá Fẹ́kọ́mi fi ìkòkò ńlá rẹ̀ se ẹ̀wà, gbogbo wa jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ilẹ̀ sì ṣú bá wa níbẹ̀.

Nítorí náà, Simeon ń kó àwọn ńlá bọ̀, jẹ́ kí ó kó mẹ́rìnlá kékeré padà kí oṣù tó parí, ipò rẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ lórúkọ Jésù. Fi owó díẹ̀ sí i fún òróró orúnkún bàbá rẹ àti epo ọkọ̀ Simeon. Má fi sí bánkì, jàre. Ọmọbìnrin tó ń ṣe píọ́ọ̀sì sọ pé bánkì ti lọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bi í pé níbo ni wọ́n kó lọ, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Simeon ni kí o fi sí.

Ìyẹn kọ́ ni olórí ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Àdírẹ́ẹ̀sì Fẹ́kọ́mi ní Ìgàndó wà lẹ́yìn ìwé yìí, ìyá rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Jọ̀wọ́, lọ wá a lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Má sọ pé ìyá rẹ̀ ló rán ọ, ọkùnrin tí ojú ń tì kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá jíṣẹ́ ìyá. Sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ló jáde ní pátì rẹ, kí o gbé kúlà tí Ìyáàfin dá padà, tí Simeon ń gbé bọ̀, lọ fún un. Ṣùgbọ́n kí o tó kúrò nílé, kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà kan, ju bébà náà sínú abọ́, òun nìkan, kí Tolúwalọpẹ́ dijú kí ó fà á, kí ọ̀rọ̀ rẹ má baà jẹ́ irọ́.

Bí ó bá ti ṣílẹ̀kùn, má bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Pe nọ́ńbà mi, kí o sì gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Láti aago méjì ni ìyá rẹ̀ yóò ti wà lọ́dọ̀ mi, mo sì ti ní kí wọ́n bá mi fi iná kún fóònù náà dáadáa.

Kí Olúwa jẹ́ kí ọjà rẹ tà. Kí ó má jẹ́ kí o wá ẹni tí yóò bá ọ jẹun tì. Àwọn ọmọ rẹ yóò máa gbé fóònù rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Cecilia.