Káàdì Kẹ́hìndé Ti Dé

Mọ́lété,
Ìwó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 1988.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé eékún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu bí òtútù Leeds ti ń dín kù? Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, pẹ̀lú tíì gbígbóná lọ́wọ́, kí ara yín sì le. Bí ẹ bá ń béèrè tiwa, ara mi dá, Àlùhámúdùlílàhì, ara Ìyá Àgbà náà dá. Ọkàn mi nìkan ni kò dá, òun náà ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ẹ ó rí i pé mi ò fi gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́ lẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ẹ fi ránṣẹ́ ti ya ní ẹ̀yìn torí bí mo ṣe ń ṣí i. Nígbà tí mo dé lọ́dún tó kọjá, "ẹ káàárọ̀" ni mo fi ń kí èèyàn títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò á sì máa tẹ̀ lé mi kiri. Ní báyìí, Ìyá Àgbà ní, "Ràhámọ̀, Yorùbá rẹ ti ń jinná, àmọ́ ó ṣì ń ta sánsán bọ́tà." Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí wúwo ju Yorùbá tí mo ní lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ ní èdè mìíràn. Èdè yìí náà ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi.

Ẹ rántí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ Ìwó tó wà lókè òkun fi ta ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé wa lọ́rẹ. Èmi ni wọ́n fi jókòó tì í, torí pé èmi nìkan ni mo kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àtẹ méjì ni mo ṣe sínú rẹ̀. Àwọn ìyá wà nínú ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ agbo ilé wọn. Àwọn ọmọ wà nínú èkejì, ọmọ kan lórí ìlà kan. Bí mo bá fẹ́ mọ ọmọ ta ni, orúkọ ìyá tó wà lórí ìlà ọmọ náà ni yóò mú mi dé inú àtẹ àwọn ìyá. Àtẹ kan ò ní ìtumọ̀ láìsí èkejì. Sístà Oyèníkẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà wa, á máa pe orúkọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Tí iná bá lọ, a ó dúró, Sístà á máa gé èékánná ara wọn. Tó bá dé, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí la ṣe tẹ àwọn ọmọ Ìwó, àwọn ti Kuta àti ti Olúpọ̀nnà.

Ẹ̀rọ wa ò lè tẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, lórí ẹ̀rọ ńlá kan ní ọ́fíìsì tó ń pín abẹ́rẹ́ fún agbègbè wa. Mo kó àtẹ méjèèjì jáde sórí dísìkì, mo fi gèlè Ìyá Àgbà wé e kí eruku má bà á jẹ́, mo gbé e lé itan nínú mọ́tò títí a fi dé Ìbàdàn. Kíkó o jáde ò le, Bàbá. Ẹ̀rọ á tú àtẹ palẹ̀, á kọ ọ́ ní ìlà-ìlà bí ẹni ń di ẹrù sọ́kọ̀. Kíkó o wọlé níbòmíràn ni iṣẹ́ wà, torí ẹ̀rọ tó ń gbàlejò ní òfin tirẹ̀, á dá ìlà kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tó gbà á. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe òfin ẹ̀rọ Ìbàdàn. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ìlà méjì tí orúkọ ìyá wọn àti ọjọ́ ìbí wọn dọ́gba. Lójú tirẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣèèṣì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà ni Fátókun, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, aláwàdà, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Bí ìlà ti ń wọlé, ẹ̀rọ ń lé àwọn kan padà, ó ń kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fátókun bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù! Oorun ń kùn ọ́ nígbà tó o ń tẹ eléyìí. Wo bó o ṣe ń tẹ ọmọ ọlọ́mọ ní méjì-méjì." Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló fà á. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ẹ̀rọ bá mi gbá àṣìṣe mi dànù. Òun tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́, èmi tí bàbá mi ń jẹ́ Táíwò, a jọ dúró síbẹ̀ tí à ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ èéyi dé nínú yìnyín, iye káàdì ni iye abẹ́rẹ́. Àjíkẹ́ tó ń ta gààrí ní Odò-Orí gbé ìbejì rẹ̀ wá, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra dìde. Sístà Oyèníkẹ́ wá inú káàdì títí. "Ìyá Ìbejì, ẹ mú Táíwò wá. Kẹ́hìndé ò sí nínú ìwé." Àjíkẹ́ wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀, ó wo Sístà. "Kò sí bíi ti báwo? Ta wá ni mo gbé dání yìí, odó? Tí mo bá ra fìlà, méjì ni mo ń rà. Ẹ̀yin ẹ wá fẹ́ gún ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀!" Ó kọjú sí mi. "Òyìnbó, wọn kì í bí ìbejì nílùú tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ yín ni?" Gbogbo àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yé mi.

Sístà ò lè gún Kẹ́hìndé. Gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀ ló ní ọmọ tó ń dúró dè é, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jíhìn fún Ìbàdàn nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àjíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀já rẹ̀ dè, ó ní òun á gbé àwọn méjèèjì lọlé, kí wọ́n jọ gbà á nígbà tó bá yá. Èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún Táíwò. Èmi fúnra mi máa lọ mú káàdì Kẹ́hìndé wá." Ó gbà fún mi, Bàbá.

Mo sáré padà sídìí ẹ̀rọ wa, mo ní kó yọ gbogbo ọmọ tí ìyá wọn àti ọjọ́ ìbí wọn dọ́gba fún mi. Ìbejì ni gbogbo wọn. Nítorí pé Táíwò la máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, Táíwò ló kọ́kọ́ wọlé ní Ìbàdàn, ẹni tó bá tẹ̀ lé e ni wọ́n lé padà. Gbogbo Kẹ́hìndé Ìwó ló dúró síta. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò kó ṣáájú lọ tọ́ ayé wò. Ẹ̀gbọ́n yẹn ni ẹ̀rọ wò lójú tó ní kò sí.

Mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí òun nìkan ní, mo sọ nọ́ńbà yẹn di ohun tí a fi ń dá a mọ̀. Mo tún àtẹ méjèèjì kó jáde, mo gba Ìbàdàn lọ. Ọ́fíìsì wà ní títì, àwọn òṣìṣẹ́ ń yan iṣẹ́ lódì. Mo padà. Mo tún lọ, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu géètì. Nígbà tí wọ́n wá ṣí i, Fátókun bá mi yí òfin ẹ̀rọ padà kó lè máa wo nọ́ńbà. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Ìlà ń wọlé, ìlà ń wọlé, kò sí èyí tí ẹ̀rọ lé. Nígbà tí káàdì jáde, mo wá ti Kẹ́hìndé ọmọ Àjíkẹ́, mo fi í sókè pátápátá.

Láti ibùdókọ̀ ni mo ti gba ilé Àjíkẹ́ lọ, mi ò dé ibi iṣẹ́, mi ò dé ilé. Èéyi ti wọ àdúgbò wọn nígbà tí mò ń lọ tí mò ń bọ̀, mi ò gbọ́. Mo ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà, "Ìyá Ìbejì! Káàdì Kẹ́hìndé ti dé o!" Àwọn obìnrin jókòó yí ọ̀ọ̀dẹ̀ ká. Àjíkẹ́ wà láàárín wọn, Táíwò wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Kẹ́hìndé wá igi lọ."

Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní gbólóhùn yẹn. Mo kéré, mo jókòó tì yín níwájú iná, mo béèrè pé níbo ni ìkejì yín wà. Ẹ ní ó wá igi lọ. Ó pẹ́ tí mo fi gbà pé ẹnì kan tó jọ yín wà nínú igbó kan lẹ́yìn Ìwó, tó ń ṣẹ́gi, tí yóò dé lọ́jọ́ kan. Màmi ló wá ṣàlàyé fún mi nígbà tí mo dàgbà pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Nítorí náà, kò sí ohun tí Àjíkẹ́ ní láti tún ṣàlàyé fún mi.

Mo wólẹ̀ síbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ òfin ẹ̀rọ, mo fẹ́ sọ ti géètì tí wọ́n tì, gbogbo Yorùbá tí mo kọ́ sá lọ, ó ku "ẹ pẹ̀lẹ́" nìkan. Àjíkẹ́ ò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, "Mo fẹ́ gbé àwọn méjèèjì lọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ dì mí lọ́wọ́ mú. Ọjọ́ yẹn lẹ ti yà wọ́n." Ìyá àgbàlagbà kan ní, "Àjíkẹ́, ó tó. Ọlọ́run ló ni wọ́n." Àjíkẹ́ nawọ́ sí mi. "Ẹ mú káàdì yẹn wá. Ti Kẹ́hìndé ni." Ó fi í pọ̀ mọ́ ti Táíwò, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀.

Ìyá Àgbà ò sọ pé kí n má sunkún. Wọ́n mú mi padà lọ síbẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú mi níwájú Àjíkẹ́, tó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ ló yẹ kó jẹ́ fún wọn. Àjíkẹ́ sáré gbé wọn dìde. Èmi, kò gbé mi dìde.

Lẹ́yìn náà, Fátókun ránṣẹ́ pé kí n pa ìlà àwọn ọmọ tí èéyi mú lọ rẹ́, kí abẹ́rẹ́ má baà ju ọmọ lọ. Kò ṣe burúkú, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo dé orí ìlà Kẹ́hìndé, ọwọ́ mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejì ni Àjíkẹ́ gbé Táíwò wá, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn àga mi, ó ń wo ojú ẹ̀rọ. Ó ní, "Kẹ́hìndé ti wà níbẹ̀ báyìí?" Mo ní ó wà. Mo fi ìka mi hàn án, ìlà méjì tó tẹ̀ léra. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀." Bàbá, ó wà níbẹ̀. Mo sọ fún Sístà Oyèníkẹ́ kí wọ́n má béèrè abẹ́rẹ́ fún un, wọ́n sì gbà. Nígbàkigbà tí mo bá kó àtẹ jáde, òun àti Táíwò á jọ jáde. Nígbà tí wọ́n bá dé Ìbàdàn, ẹ̀rọ á ṣílẹ̀kùn fún àwọn méjèèjì.

Mo mọ̀ pé Màmi fẹ́ kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, mi ò tíì lè bọ̀. Àwọn Kẹ́hìndé tó kù ń gba abẹ́rẹ́ tiwọn, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí ẹni tó bá gbà á kẹ́yìn.

Kí Ọlọ́run Ọba dá yín sí fún wa. Kí Ó má jẹ́ kí àárẹ̀ gbé yín dè sílé, kí Ó jẹ́ kí ẹ tún tẹ ilẹ̀ Ìwó nígbà tí Ìyá Àgbà ṣì lè fi ẹnu ara wọn kí yín káàbọ̀. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín tó ń kúnlẹ̀,
Ràhámọ̀tù.

Ohun kan ṣẹ́ kù: Ẹ ò sọ orúkọ tí wọ́n fún Kẹ́hìndé yín lọ́jọ́ ìkómọ fún mi rí. Mo bi Ìyá Àgbà, wọ́n kàn nawọ́ sí ọ̀nà oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi nígbà tí ẹ bá ń fèsì.