Oògùn Tí Ń Bo Inú Ìyá Rẹ

Wilai ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Bangkok? Ṣé iṣẹ́ aṣọ rírán náà kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Kí gbogbo oore tí o ti ṣe láyé yìí àti èyí tí o ṣe kí o tó wá sáyé máa ṣọ́ ọ. Ní ti ilé, òjò ti rọ̀, ìrẹsì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sẹ̀ kan tí a kò dáná ní ẹbu ìkòkò wa, nítorí ilé ìwòsàn ni èmi àti ìyá rẹ wà.

Ìgbín ló fi ìkarahun gé e lẹ́sẹ̀ lóko. Ó ní kì í ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin ó ń gbọ̀n, kò sì dá mi mọ̀ mọ́. Dókítà ní kòkòrò inú ẹrẹ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ti tàn ká gbogbo ara. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú rẹ̀ lọ sí ikùn. Nọ́ọ̀sì Malini ṣàlàyé pé bí ẹ̀jẹ̀ bá bàjẹ́ báyìí, awọ inú ikùn a máa rọ, omi kíkan inú rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ dégbò, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún un ní oògùn tí ń bo inú.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ “bo” yẹn gan-an ni àwa amọ̀kòkò ń lò fún omi dídán tí a fi ń bo ìkòkò. Mo kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo gbàwé ẹ̀rí. Nígbà tí Malini fẹ́ da omi ìrẹsì sínú rọ́bà náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ọjọ́ mẹ́ta kí inú kọ́kọ́ gbẹ, kí ooru ara sì sun ún dáadáa. Ó wò mí títí, ó ní, Bàbá, ìyàwó yín kì í ṣe ìkòkò o, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ gan-an wà lára ohun tí ń dáàbò bo inú. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì ìyá rẹ bì, ó dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí.

Wilai, ní ọjọ́ tí a dé, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tó bi mí pé oògùn wo ni aláìsàn ń lò nílé. Mo kọ ọ́ pé kò sí. O rántí àpò kéékèèké tí wọ́n ń kó oògùn oríṣiríṣi pọ̀ sí, èyí tí ìsọ̀ Kamon ń tà fún ìrora oríkèé. Ní àjọ̀dún Songkran, ọdún tuntun wa, nígbà tí o bu omi sí mi lọ́wọ́ láti gba ìre, mo búra fún ọ pé n kò fún ìyá rẹ mọ́, pé mo ti dá a dúró. N kò dá a dúró. Orúnkún kò jẹ́ kí ó lè gún amọ̀ mọ́, mo sì nílò ọwọ́ rẹ̀, ni mo bá ń fún un, mo ní fítámì ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni.

Mo ti jẹ́wọ́ fún dókítà. Wọ́n ki ẹ̀rọ olójú gba ẹnu rẹ̀, wọ́n rí egbò mẹ́ta, wọ́n sì ní èyí tó jìn jù kì í ṣe ti àìsàn yìí, oògùn oríkèé yẹn ló dá a sí i lára. Wọ́n dí i. Dókítà kò bá mi wí. Ó kàn ní, ká ní wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ kìíní ni.

N kò tọrọ owó lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, irú tìrẹ ni tirẹ̀. Mo bi Malini bóyá o lè fi ránṣẹ́ lórí fóònù bí o ti ń fi owó ránṣẹ́, ó ní rárá, Bàbá, ẹ ní kí ó máa bọ̀.

Máa bọ̀. Bí ó bá sì lajú, má sọ fún un. Ẹnu mi ni kí ó ti gbọ́ ọ. Kí ọ̀nà rẹ tutù. Kí ọmọ tí ìwọ yóò bí má ṣe ní ìdí láti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá rẹ,
Bunthan